Gòkè Lọ Wo Iṣẹ́ Mi

Mission Bend, Houston.
Ọjọ́ Ajé, mọ́mì rẹ ti lọ síbi iṣẹ́.

Ìbídùn ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé bí o bá rí ìwé tó gùn tó báyìí, ńṣe ni o máa gbé fóònù, o máa ní, "Daddy, what is this? Ṣé kò sí voice note ni?" Jọ̀ọ́, má tíì pè mí. Kà á tán ná. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíka Yorùbá lórí tábìlì ìdáná wa nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí o ń sunkún pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣeré níta. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le fún ọ, fò ó kí o máa bá a lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ kò le.

Mo kí ọ kú oríire lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún wa pé o yege ìdánwò ọ̀gá púlọ́ńbà, mọ́mì rẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọ fún dókítà, ó ti sọ fún ẹnjiníà, ó ti sọ fún àwọn olówó tí ilé wọn wà ní Sugar Land. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, ńṣe ló máa ń ní o wà nídìí iṣẹ́ omi, á sì yára béèrè ọmọ tiwọn. Ní báyìí ó ń pe iṣẹ́ náà lórúkọ, ó sì ń pè é sókè. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn rárá.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi, èyí tí mo máa kọ ọ̀rọ̀ sí kí ìjọba ìpínlẹ̀ lè forúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ láísẹ́ǹsì rẹ. O ní, "Daddy, ẹ wá bá mi ṣiṣẹ́, jíjókòó sílé ti sú yín." Òótọ́ ni, ó sú mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí fọ́ọ̀mù náà ti wà lórí tábìlì. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ àdírẹ́sì, mo kọ ọjọ́ ìbí. Ìlà kan wá wà nísàlẹ̀ tó ń béèrè bóyá ìjọba ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni rí. Ibẹ̀ ni bírò mi dúró sí.

Ìwọ rò pé orúnkún ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún ọ nìyẹn nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, o sì máa ń jókòó sílẹ̀ níwájú mi ní alaalẹ́, o máa ń fi róòbù pa orúnkún náà fún mi. Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan nígbà yẹn, Àjíkẹ́. Ìjọba ló gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi, torí pé ènìyàn kan kú nípasẹ̀ iṣẹ́ tí nọ́ńbà mi wà lórí rẹ̀.

Má pè mí. Kà á lọ.

Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi ikú náà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwọn àṣìṣe tó kéré, bóyá ọwọ́ mi á ti gbóná kí n tó dé ọ̀dọ̀ èyí tó tóbi.

Èkíní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, ọkùnrin ará ìlú wa kan tó ní láísẹ́ǹsì mú mi mọ́ra. Mo bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì gbáko. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo fàyà fà lábẹ́ ilé tí ejò ń gbé, mo ru páìpù títí èjìká mi fi bó. Orúkọ mi kò sí lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ìwé yẹn ò le, a máa ṣe é." Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kejì, torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń fura sí i. Ìgbà tí mo wá fẹ́ ṣe ìdánwò, ìjọba ní kí n mú wákàtí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ wá, tí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì jẹ́rìí sí pé mo ṣe lábẹ́ òun. Nínú ọdún méjì yẹn, ìṣẹ́jú kan ò wọlé. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nígbà tí oyún rẹ wà nínú mọ́mì rẹ.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé irinṣẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ, kí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ ìjọba. Bó bá ní ọ̀la ni òun máa forúkọ sílẹ̀, kó wá lọ́la. Wákàtí tí o bá sì máa fọwọ́ sí fún ẹnikẹ́ni, kó jẹ́ èyí tí o fi ojú ara rẹ rí. Àwọn kan máa bá ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ọmọ àwọn nílò wákàtí díẹ̀ péré, wọ́n á máa pè ọ́ ní ọmọ dáadáa. Dá wọn lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí o má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Èkejì. Mo fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò. O ò mọ ìyẹn náà. Mo ti ka Polí nílé, mo wá gbé ara mi gẹ̀gẹ̀. Nínú kíláàsì tí wọ́n fi ń múra wa sílẹ̀, ńṣe ni mo máa ń sùn. Bí nǹkan kan ò bá yé mi, mi ò ní béèrè, torí àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó jókòó tì mí kò tíì pé ogún ọdún, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n gbé ilé kékeré tí wọ́n fi ń dánni wò yẹn síwájú mi, èyí tí ìwọ náà ṣe, pé kí n to páìpù ìdọ̀tí àti páìpù afẹ́fẹ́ sí i. Mo gbàgbé páìpù afẹ́fẹ́ kan pátápátá. Àwọn ọmọ yẹn yege, èmi padà sílé, mo sọ fún mọ́mì rẹ pé wọ́n sún ìdánwò síwájú. Bí nǹkan ò bá yé ọ, béèrè. Béèrè, kódà lọ́wọ́ ọmọ tí o fi ọjọ́ orí jù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ́dọọdún, má jókòó síbẹ̀ kí o máa tẹ fóònù.

Ẹ̀kẹta nìyí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ bu omi mu.

O rántí Tíṣà? Bàbá gíga yẹn, tó máa ń wọ táì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ooru, tó máa ń dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bi ọ́ pé mẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ mélòó. Wọ́n kọ́ mi ní Fíṣíìsì nílé, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Wọ́n ti nà mí rí, ó sì tọ́ sí mi. Nígbà tí wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni wọ́n jẹ físà lọ́tìrì, wọ́n bá gbé ìyàwó wọn, wọ́n wá síbí. Kò sí ilé ìwé tó gbà wọ́n. Wọ́n ń to ọjà sórí pẹpẹ nínú ilé ìtajà kan. Èmi nígbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ọ̀gá, mo ní ọkọ̀ kan àti àkàbà aláwọ̀ ọsàn kan. Ní ọjọ́ Sunday kan, Tíṣà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Délé, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Mo ní, "Sà, ẹ̀yin kẹ̀?"

Wọ́n ní, "Èmi ni. Ṣé ó burú ni?"

Mo ti kọ́gbọ́n lára ohun tí wọ́n ṣe fún mi, nítorí náà mo forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó fọwọ́ kan páìpù kan. Títí di ibẹ̀, mo ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n òfin tún sọ nǹkan kejì, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dá ṣe é, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì gbọdọ̀ máa wo ohun tó ń ṣe. Èmi ò lè wo iṣẹ́ Tíṣà. Bí wọ́n bá ti parí ibì kan, mo máa ń ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," a ó sì kó irinṣẹ́ wa. Bí mo bá fẹ́ na ọwọ́ fi tì í wò, ńṣe ni ọwọ́ náà máa wúwo. Lójú mi, ó dà bíi pé mo gba ìwé lọ́wọ́ tíṣà mi, mo fẹ́ máàkì rẹ̀ níṣojú wọn. Ọwọ́ wọn sì mọ́ níṣẹ́, wọ́n á nu páìpù títí á fi máa dán. Mo wá fi ìmọ́tótó yẹn tan ara mi jẹ.

Ilé náà wà ní Mission Bend níbí, kò ju òpópónà mẹ́rin lọ sí ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Tọkọtaya Yorùbá kan ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá ìyàwó ti Ìbàdàn wá láti bá wọn tọ́jú ọmọ. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ti bàjẹ́, orí àjà ló sì wà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé níbí. A gbé tuntun sókè. Mo ṣe ti gáàsì, mo ṣe ti omi, mo wá sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ẹ̀rọ omi ní ìdáná. Tíṣà ló kù sórí àjà tí wọ́n ń to páìpù tó máa gbé èéfín jáde gba orí òrùlé.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, eruku kún orí wọn. Mo ní, "Ṣé ó wọlé dáadáa, sà?"

Wọ́n ní, "Ó wọlé."

Ẹsẹ̀ mi kan ti wà lórí àkàbà, Àjíkẹ́. Mo fẹ́ gòkè. Màmá náà gbé omi tútù wá fún wa, wọ́n rí mi bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí mi ò lọ sókè, tí mi ò sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ò ní gòkè lọ wo ohun tí bàbá yìí ṣe ni?"

Tíṣà ń gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Tíṣà mi ni wọ́n, mà. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níwèé."

Inú màmá dùn. Wọ́n fọwọ́ bà mí léjìká, wọ́n ní, "O káre. Ìyá rẹ tọ́ ẹ. Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ò mọ ìyẹn mọ́."

Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí àkàbà. Mo ká a, mo gbé e sínú ọkọ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ pé mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo fọwọ́ sí i, mo kọ nọ́ńbà láísẹ́ǹsì mi.

Ibi tí páìpù èéfín méjì ti wọnú ara wọn, skúrù mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, páìpù náà ti yọ, èéfín gáàsì wá ń tú sórí àjà. Òtútù mú gidi lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo fèrèsé wà ní títì, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru sì wà lórí àjà kan náà, ó ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sínú yàrá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òbí gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Màmá ló kù sílé. Wọ́n fi omi gbóná fọ aṣọ ọmọ, wọ́n fi wẹ̀, wọ́n ní kí àwọn sinmi díẹ̀ kí ọmọ tó dé. Èéfín yẹn ò lóòórùn, kò sì ṣe é fojú rí.

Orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi ni mo lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà. Ọ̀gangan ọ̀sán ni bàbá ọmọ pè mí. Ó ní, "Uncle, please, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Mummy ò dìde. Fire service ní it's the heater."

Mo dé ibẹ̀. Àwọn panápaná ti ṣí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, òtútù sì ti gba ilé kan. Ìgò òróró àgbọn tí màmá gbé wá láti Ìbàdàn láti máa fi pa ọmọ lára wà lórí tábìlì, òróró náà ti dì funfun. Ọjọ́ yẹn ni mo wá gun àkàbà. Ọ̀kan nínú wọn tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ojú ibẹ̀ fún mi, mo sì rí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni ì bá jẹ́ fún mi.

Nígbà tí ìjọba pè mí, wọ́n bi mí pé ta ló yẹ iṣẹ́ náà wò. Mo ní kò sẹ́ni. Wọ́n ní kí ló dé tí mo kọ ọ́ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "He was my teacher, sir." Ọkùnrin tó ń bi mí gbójú sókè, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò yé e, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Tíṣà dúró dè mí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba pè mí yẹn. Mo wọlé jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ pé skúrù ń wọ ibẹ̀, Délé. Ó ṣe mí bíi pé nǹkan kan kù, mi ò mọ ohun tó kù."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò bi mí, sà?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ tí mo kọ́? Ojú tì mí. Mo ṣáà rò pé o máa gòkè wò ó lẹ́yìn mi. Bí mo bá ṣe é kù, wàá tún un ṣe, o ò sì ní sọ fún mi." Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Nínú gbogbo ìwé tí mo máàkì fún yín, èwo ni mo dá padà láì wò?"

Mo ṣáná sí ọkọ̀, mo gbé wọn lọ sílé. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Mi ò lọ síbi ìsìnkú náà. Tọkọtaya yẹn ta ilé, wọ́n kó lọ. Ọmọ náà ti máa tó ọmọ ogún ọdún báyìí. Bí mo bá rí ọmọ Yorùbá tó wà ní ọjọ́ orí yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbójú sílẹ̀.

Èmi àti Tíṣà, ọ̀wọ̀ la rò pé a ń bu fún ara wa. Èmi ò fẹ́ kàn wọ́n lábùkù, àwọn náà ò fẹ́ tẹ́ lójú mi. Màmá tí kò mọ nǹkan kan nípa páìpù ló béèrè ohun tó yẹ kí a béèrè, mo sì fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Mọ́mì rẹ mọ̀. Òun ló ní kí a sọ fún ọ pé orúnkún ni, torí o kéré. Má bínú sí i. Nígbà tí o dàgbà, tí o ní iṣẹ́ bàbá rẹ ni o fẹ́ ṣe, ó yẹ kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo rí bí o ṣe ń wò mí, mi ò lè bà á jẹ́. Ìbẹ̀rù ni, Àjíkẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tèmi tìrẹ ló kù. Mo ti fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" lórí ìlà yẹn. Mo sì kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Nọ́ńbà rẹ ló máa wà lórí iṣẹ́ tí ọwọ́ mi bá ṣe. Bí o bá kà á tán tí o kò fẹ́ kí n wá mọ́, fà á ya, mi ò ní béèrè.

Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e lọ fún ìjọba tí wọ́n sì gbà mí, gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Nílé, kúnlẹ̀ kí mi bí o ṣe máa ń kúnlẹ̀. Níbi iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ ni mí. Bí mo bá ní ó wọlé, má gbà mí gbọ́. Mo mọ ara mi: mo máa dijú mọ́rí, mo máa ní ṣé o rò pé mi ò mọ iṣẹ́ ni, mo máa ní mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ. Màmá onílé kan lè máa wò wá, kó ní kí ló dé tí ọmọ yìí ń yẹ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wò. Jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá mọ̀ pé ojú mi máa tì ọ́, pé o ò ní lè ṣe é, má gbà mí síṣẹ́. Wá ọmọ tí o lè bá wí.

Àkàbà aláwọ̀ ọsàn tí mo gbé wá sí gáràjì rẹ ní Katy, tí o ní ó ti gbó, pé kí n jù ú nù, òun náà ni. Mi ò lè tà á, mi ò sì lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá jọ jáde, òun ni kí a gbé. Èmi máa kọ́kọ́ gùn ún, màá ṣe iṣẹ́ tí o bá rán mi. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, màá di ìdí rẹ̀ mú fún ọ, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ kankan.

Ìwọ gòkè.

Bàbá rẹ,
Délé.